Wọ́n tún ti gbé pool dátà mi lọ!

Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí o! Mo ṣe upgrade sáfà wa, kọ̀ǹpútà tá a ń kó fáìlì sí, ní Tánkè lálẹ́ àná, ó kú, ó jí, ZFS pool (àwọn dísíìkì tí ZFS, ètò ìtọ́jú fáìlì, so pọ̀ bí ẹyọ kan) ò sí níbẹ̀ mọ́, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn kọ́sítọ́mà látọdún 2019 wà nínú ẹ̀ o! Ṣé èèyàn ò lè ṣe upgrade kí àyà ẹ̀ má já ni? Kernel tuntun, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, dé, module ZFS tó ń jẹ́ kí kernel lè ka pool ò bá a dé, irú ìtúnṣe wo nìyẹn? Dísíìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ digbí, dátà ò sì lọ síbì kankan! Ọ̀gá mi ní ká fọ́máàtì ẹ̀. Fọ́máàtì kẹ̀? Ṣé orí bíbẹ́ ni oògùn orí fífọ́ ni? Mo tún module kọ́ fún kernel tuntun, mo tẹ zpool import, àṣẹ tó ń pe pool padà, gbogbo ẹ̀ padà, ilẹ̀ ti mọ́. Ó ti sú mi!