Ẹ Bá Mi Ṣí Aṣọ Lójú Ipò Kìíní

Mo kan sáárá sí àwọn ọlọ́jọ́ ìbí ìlú Èkó tí wọ́n ń ka fídíò orin àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù láti ipò ogún wá sí ipò kìíní níwájú àlejò. Iṣẹ́ kékeré kọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló láyà láti kó èrò jọ sí gbọ̀ngán ní Súrùlérè, kí ó ní kí wọ́n má tíì ṣí kúlà ìrẹsì, kí ó wá gba ohùn lọ́wọ́ adarí ètò láti ṣàlàyé ìdí tí fídíò kẹtàlá fi sàn ju ìkẹrìnlá lọ.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni ẹni tó ṣe àádọ́ta ọdún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Nígbà tí ó ku ipò kìíní, ó ní kí wọ́n fi aṣọ òkè bo tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Sányán ni, ojúlówó, wọ́n sì so wajawaja mọ́ ọn létí. Onígángan dojú kọ aṣọ, ó ń kì í. Oríkì ìdílé ọlọ́jọ́ ìbí ni ó kì fún un. Adarí ètò ní kí a gbàdúrà sórí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, a sì gbàdúrà. Wọ́n ní kí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí wá fọwọ́ kàn án, màmá sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀rẹ́ wá náwó fún un, wọ́n sì ná an, títí wajawaja fi gbé náírà dání. Àbíkẹ́yìn ọlọ́jọ́ ìbí wá jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin kékeré kan tó jókòó nítòsí mi béèrè pé, “Màámi, ṣebí Thriller ni?” Ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Wọ́n ṣí aṣọ. Thriller ni.

Ṣé ó tún lè jẹ́ òmíràn ni? N kò sọ pé fídíò náà kò dára o. John Landis, tó ń darí sinimá ní Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀ fún Michael Jackson ní 1983, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 14. Gbogbo ìṣẹ́jú náà pátá ni a fi ebi wò. Take On Me ti ẹgbẹ́ olórin a-ha, ti 1985, níbi tí ọwọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà ti jáde láti inú ìwé tó sì fa ọmọbìnrin kan wọlé, àrà ni òun náà. Ohun tó bí mi nínú ni irọ́. Ọkùnrin yìí dúró níwájú wa, ó ní òun rántí bí òun ṣe wo MTV, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń fi fídíò orin hàn, ní 1981 tí ó bẹ̀rẹ̀. Níbo? Amẹ́ríkà ni MTV ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì di 2005 kí MTV Base, ẹ̀ka rẹ̀, tó dé ilẹ̀ Áfíríkà. Mùṣín ni èmi àti ẹ̀ dàgbà sí. Pálọ̀ ẹlòmíràn ni gbogbo wa ń kún sí láti wo NTA, bí onílé bá sì bínú, a máa yọ́ lọ sí ojú fèrèsé.

Èyí tó wá burú jù ni ibi tí wọ́n fi àwọn tiwa sí. Sunny Adé wà ní ipò ogún. Shina Peters, tí àwo orin rẹ̀, Ace, mì ìgboro tìtì ní 1989, tí ọmọ rẹ̀ Clarence sì wà lára àwọn tó ń ya fídíò fún àwọn olórin ìwòyí, wà ní ipò kejìdínlógún! Orin náà kò tilẹ̀ délẹ̀. Àwọn obìnrin ti dìde, màmá àgbàlagbà kan ti tún ìró ró, ó ti ju èjìká lẹ́ẹ̀kan, ni ọlọ́jọ́ ìbí bá ní kí wọ́n pa á, ó fẹ́ ṣàlàyé ipò. Ìwà wo nìyẹn? Ta ló ń ṣàlàyé jùjú fún ẹni tó ti ń jó?

N kò sì jọ́hẹn rárá, nítorí mo mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí a ṣì wà ní Mùṣín, mo gba ijó Shina Peters sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ọ̀rẹ́ wa yìí yá a. Ó pẹ́ kó tó dá a padà, ìgbà tí mo sì fi í sínú ẹ̀rọ, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀: ìyàwó ń gé àkàrà òyìnbó níbi tí Shina Peters ti yẹ kó máa jó. Kò bẹ̀ mí títí di òní. Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá ṣe ọgọ́ta ọdún tó sì tún pè mí, èmi yóò gbé e lọ fún adarí ètò, kí ọlọ́jọ́ ìbí wá ipò fún un níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.