Art Shell kọ́ ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe kóòṣì nínú NFL

Tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà bá délẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri, ohun méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ láìwẹ̀yìn. Wọ́n á ní ọdún 1946 ni adúláwọ̀ kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú NFL, líìgì tó ga jù lọ nínú eré náà, nígbà tí ikọ̀ Los Angeles Rams gba Kenny Washington àti Woody Strode. Wọ́n á tún ní Art Shell, tí ikọ̀ Raiders fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 1989, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó darí ikọ̀ kankan níbẹ̀. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Fritz Pollard ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ó ti gba ipò kìíní, ó sì ti di kóòṣì ní 1921, ọdún 25 kí wọ́n tó bí Art Shell.

Frederick Douglass Pollard ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ akíkanjú tó sá kúrò lóko ẹrú, tó sì fi ayé rẹ̀ bá àwọn tó ń kó ẹrú jà, ni wọ́n fún un. Chicago, ládùúgbò Rogers Park, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1894. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 9 ni gbogbo gíga rẹ̀, nínú eré tí àwọn géńdé ti ń fi ara kọlu ara wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ọjọ́ kìíní ọdún 1916 ló bá Yunifásítì Brown lọ gbá Rose Bowl, ìdíje ńlá àwọn yunifásítì, ní California, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbá a. (Washington State nà wọ́n 14 sí 0, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àsọdùn ọjọ́ yẹn fún yín.) Kí ọdún náà tó parí, Walter Camp, tí wọ́n ń pè ní bàbá eré náà, ti mú un mọ́ àwọn 11 tó dáńgájíá jù lọ ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1920, àwọn tó ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n sì dá líìgì kan sílẹ̀. American Professional Football Association ni wọ́n pè é. 1922 ni wọ́n yí i sí NFL. Ibí yìí làwọn alátakò máa ń gbà sá. Wọ́n á ní líìgì ti Pollard kì í ṣe NFL. Kí ló wá dé tí NFL fúnra rẹ̀ fi ka 1920 sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀, tó sì fi 2019 ṣayẹyẹ sáà ọgọ́rùn-ún? Tí orúkọ bá sì ni wàhálà wọn, Pollard tún ṣe kóòṣì Hammond Pros ní 1925, nígbà tí orúkọ ti yí padà.

Akron Pros ni ikọ̀ rẹ̀ ní 1920. Wọn kì í jẹ́ kó wọ yàrá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù sìgá Frank Nied, ọ̀kan lára àwọn tó ni ikọ̀ náà, ló ti ń wọ aṣọ bọ́ọ̀lù. Lórí pápá, tí wọ́n bá ti gbé e ṣubú, àwọn alátakò á fẹ́ rọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè ṣe é léṣe. Pollard wá dọ́gbọ́n kan. Bó bá ti ṣubú báyìí, á yára fẹ̀yìn lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á máa yí wọn bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Bàtà eléyín ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fò lé e yóò kọ́kọ́ ro ti ojú ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò na Akron lọ́dún yẹn: wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, wọ́n gbá ọ̀mì mẹ́ta, àwọn ni wọ́n sì dìbò fún gẹ́gẹ́ bí olúborí àkọ́kọ́ líìgì náà. Lọ́dún kejì, òun àti Elgie Tobin jọ ń ṣe kóòṣì, òun náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Paul Robeson, tí ayé wá mọ̀ sí olórin lẹ́yìn náà, wà lára ikọ̀ yẹn.

Àwọn tó fẹ́ gbèjà Pollard náà máa ń ki àṣejù bọ̀ ọ́. Òun kọ́ ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba owó gbá bọ́ọ̀lù yìí. Charles Follis ti ṣe é ní Shelby, Ohio, ní 1904. Òun nìkan kọ́ ni adúláwọ̀ tó wà nínú líìgì ní 1920, nítorí Bobby Marshall wà nínú ikọ̀ Rock Island.

Níbo wá ni 1946 ti jáde? Lẹ́yìn 1933, tí Joe Lillard àti Ray Kemp kúrò, líìgì náà ò gba adúláwọ̀ kankan mọ́ títí 1946. Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá gbáko lọ láìsí ẹyọ kan, ta la fẹ́ parọ́ fún? Àánú kọ́ ló sì ṣílẹ̀kùn. Rams kó kúrò ní Cleveland lọ sí Los Angeles, wọ́n fẹ́ lo pápá Coliseum, tó jẹ́ ti ìjọba. Àwọn akọ̀ròyìn adúláwọ̀ ìlú náà fárígá pé ikọ̀ tí kò gba adúláwọ̀ ò lè máa lo pápá tí owó orí gbogbo èèyàn kọ́. Bí Washington àti Strode ṣe wọlé nìyẹn. Àwọn tó kàn mọ 1946 nìkan wá rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ àtúnṣí.

Pollard ò jókòó sójú kan ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó dá Chicago Black Hawks sílẹ̀, ó sì ṣe kóòṣì Brown Bombers ní Harlem. Ọmọ rẹ̀, Fritz Pollard Kékeré, gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ ní Òlíńpíìkì Berlin 1936. Gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù yunifásítì gba Pollard wọlé ní 1954, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó kú ní oṣù Karùn-ún 1986, ẹni ọdún 92. Gbọ̀ngàn àwọn akọni tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù, tó wà ní Canton níbi tí wọ́n ti dá líìgì náà sílẹ̀, dúró di 2005 kó tó gba orúkọ rẹ̀ wọlé. Art Shell ti wà níbẹ̀ láti 1989.