Àwọn Àgùdà ti wà l'Ékòó kí fadá tó dé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìtàn Àkídáyósíìsì Èkó, ìyẹn ìjọ Kátólíìkì ti Èkó, tí ẹ kọ jáde fò kọjá ibi tó dùn jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1868 tí fadá wá jókòó l'Ékòó, ẹ sì bọ́ sórí bíṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń ṣe ìsìn kó tó di 1868? Àwọn tó ti Brazil padà wálé, tí à ń pè ní Àgùdà, ni. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí gbogbo ayé ń pè ní Padre Antonio, ẹrú tó ti gba òmìnira. Kì í ṣe fadá rárá o! Síbẹ̀ òun ló ń kó ìjọ jọ fún àdúrà, òun ló ń sìnkú. Nígbà tí Fadá Borghero, míṣọ́nnárì ará Ítálì, yà sí Èkó lọ́dún 1863, onígbàgbọ́ ló bá nílẹ̀.

Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tiwọn náà, irú Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti ọdún 1881. (Òun kọ́ ló wà níbẹ̀ lónìí o, wọ́n ti wó ìyẹn.)

Ẹ ò tún mẹ́nu ba fùrèjọ̀ọ̀nù, oúnjẹ àwọn Àgùdà. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ dé Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn l'Ékòó: ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi oje àgbọn sè títí tó fi ki, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Àwọn aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí náà máa ń rí abọ́ tiwọn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn kún apá kejì.