Ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀tá

Ibi tí ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi nípa àwàdà nínú ìjọ ti sọ pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nínú ìsìn kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni mi ò ti lè gbà rárá. Jésù tó ní àwọn Farisí ń sẹ́ kantíkantí, àmọ́ wọ́n ń gbé odindi ràkúnmí mì, ṣé ẹ rò pé àwọn tó ń gbọ́ ọ kàn lejú koko ni? Kódà ní Jámánì, ṣáájú ọdún 1600, àwọn àlùfáà a máa dẹ́rìn-ín pa ìjọ nínú ìwàásù Àjíǹde, torí pé Kristi ti ṣẹ́gun ikú.

Òǹkọ̀wé yẹn tún ní àwàdà ń sọ ìjọ di ilé eré. Lóòótọ́, èyí tó ń fi aláìní ṣe yẹ̀yẹ́ kò yẹ lórí pẹpẹ. Àmọ́ nígbà tí ìyá mi kú, gbogbo àwọn tó wá bá mi gbàdúrà ló fajú ro. Màmá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló jókòó tì mí, tó ń sọ bí ìyá mi ṣe máa ń sáré kọrin ṣáájú dùrù, tí olùdarí á sì máa fojú bá a wí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lè la ẹnu gbàdúrà fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àìbẹ̀rù Ọlọ́run nínú ìyẹn?