Ẹ̀yin onílé ṣọ́ọ̀bù Ìkòròdú, wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tàbí tàwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ́mù, láti Odogunyan títí dé Sábó, kẹ́ ẹ wo ara ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amps kan ṣoṣo lẹ máa bá níbẹ̀, ojú ẹ̀ ti dúdú, ihò ẹ̀ ti fẹ̀, ẹsténṣọ̀n kan so mọ́ ọn, òmíì tún so mọ́ ìyẹn, ẹ̀rọ wẹ́dà, ẹ̀rọ fáílìn (èyí tí wọ́n fi ń lọ irin), kọ̀mpírẹ́sọ̀ àti kẹ́tù ọ̀gá, gbogbo wọn ń fa iná lójú kan náà. Bẹ́ẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò lè gbé ju nǹkan bíi 3 kilowatt lọ. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì ẹ̀ wò, ìṣó ni wọ́n ki bọ ibi tó yẹ kí fíúsì wà. Wọ́n ní fíúsì ń jó jù, bí ẹni pé iṣẹ́ míì wà tí wọ́n rà á fún!

Lójú tiwa, onílé ló yẹ ká kọ́kọ́ dì mú, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Òun ló ní kí wọ́n wáyà ṣọ́ọ̀bù bíi yàrá ìbùsùn, tó sì gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ wẹ́dà.

Wáyà ilé lọ́nà tàwọn ará Ìlú Ọba máa ń ṣe òrùka: ó jáde látinú bírékà 32 amps, ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó tún padà síbi tó ti wá, torí ọ̀nà méjì tí iná ń gbà yẹn ni wáyà 2.5 mm² (bó ṣe nípọn tó nìyẹn) fi lè gbé e. Nínú ilé, kò burú. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rọ ti ń mi ògiri láàárọ̀ dalẹ́, súkúrúù ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, tí wáyà bá wá já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan iná ò ní kú o, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní fura, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan tó kù ló ń dá gbé gbogbo iná táwọn ẹ̀rọ ń fà, á máa gbóná nínú ògiri, bírékà ò sì ní já torí iná tí wọ́n ń fà ò tíì kọjá 32 amps lójú tiẹ̀.

Ẹ̀rọ wẹ́dà gbọ́dọ̀ ní wáyà tiẹ̀ láti bọ́ọ̀dù, bírékà tiẹ̀, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá aláwọ̀ búlúù, pupa tó bá jẹ́ 3-phase. Kí ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, dé ara irin gbogbo ẹ̀rọ. Kí RCD wà tó máa gé iná tí 30 milliamps bá ti ń jò, torí ọwọ́ tó láàgùn ló ń di ẹ̀rọ fáílìn mú.

Àwọn onílé á ní wáyà ti wọ́n. Òótọ́ ni, ìyẹn làwọn kan ṣe ń ra alumíníọ́mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú (ẹ fi ọ̀bẹ ha á, ẹ máa rí funfun nínú). Àmọ́ owó náà kọ́ ni wọ́n fi ṣe géètì ńlá tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni?

Iṣẹ́ NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò iná, ni láti yẹ wáyà wò kó tó gbaná, Èkó náà sì ti ní òfin iná tiẹ̀ láti 2024. Àwọn káńsù wa nìkan ló ń dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún láti gbowó. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bébà tẹ́ẹ̀sì wáyà lọ́wọ́ onílé, kí wọ́n tó já rìsíìtì.