Ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan: ṣingọ́ọ̀mù kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará wa ní Kábà, Mopa àti Ìsánlú. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri lórí WhatsApp pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kó máa fẹ́ bàlúùnù kíkankíkan, ojú á gún padà. Inú rere ló mú ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣan tó ń mú wa jẹun yàtọ̀ sí èyí tó ń mú wa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ojú tó rọ yàtọ̀ sí ojú tó le. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á rọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè le, nítorí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ wá sí ojú (nerve) lè ṣìnà bó ti ń hù padà: bí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín, ojú tó fi ń ríran ní ẹ̀gbẹ́ yẹn á máa dì. Tí a bá wá fi ipá ṣe é, ó lè burú sí i. Kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀díẹ̀ níwájú dígí, láìjẹ́ kí ojú dì, ló dára. Ẹ bi àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n á fi hàn yín.

Ẹ ní kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè, kí iwájú orí lè hunjọ. Bí iwájú orí bá hunjọ lọ́tùn-ún lósì, tí ẹnu sì wọ́, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ (stroke). Bí iwájú orí ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ kò bá mì, ó lè jẹ́ iṣan ojú yẹn nìkan ló ní ìṣòro. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni; bó bá jẹ́ iṣan ojú, prednisolone, oògùn tí dókítà máa ń kọ fún un, ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín wákàtí 72 tí ẹnu wọ́. Bí ojú tó fi ń ríran kò bá lè dì, ẹ má jẹ́ kó gbẹ.