Èsì wa sí ìyá tó fún àgọ́ ọmọdé wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá wa. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ohun tó wà nínú yín síta. N ò ní dárúkọ ọmọ yín níbí, torí ojú tó ń ka ibí yìí pọ̀. Ẹ ní ọmọ yín rù, ó sì dúdú, nígbà tó padà dé Ìbàdàn. Pé omi tútù la fún un wẹ̀ ní kùtùkùtù. Pé ẹ̀wà nìkan ló jẹ. Pé a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Pé ó sunkún lóru, a ò pè yín. Pé sálúbàtà rẹ̀ sì sọnù. N ó dáhùn, ṣùgbọ́n n ò ní tò ó bí ẹ ṣe tò ó, torí ọ̀kan nínú rẹ̀ dùn mí ju ìyókù lọ.

Ẹkún yẹn ni. Òru Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú ló ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, ìtàn Sámúẹ́lì ọmọdé la kọ́ wọn, Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 3, bí Ọlọ́run ṣe ń pè é lóru tó sì rò pé Élì àlùfáà ló ń pe òun. A kì í kà á fún wọn lásán, wọ́n máa ń ṣe é léré ni. Ọmọkùnrin kan fi òwú ṣe irùngbọ̀n, ó nà gbalaja bí Élì, ọmọ yín sì ni Sámúẹ́lì. Ó ń dìde, ó ń sáré lọ bá a: "Èmi nìyí, nítorí tí ìwọ pè mí." Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Élì ti sùn lọ ní tòótọ́, ó ń hanrun. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró wò wá.

Àṣé òru ọjọ́ yẹn gan-an ni ti Sámúẹ́lì wa ń bọ̀. Ó dìde lọ bá àǹtí tó ń sùn ní yàrá wọn, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Wọ́n jọ lọ, wọ́n jọ bọ̀. Kò pẹ́, ó tún dé: ẹ̀fọn ń jẹ òun. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì ní ihò kankan. Ìgbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta ló tó tú u jáde, "Àǹtí, mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ mọ́mì mi." Àǹtí po Milo gbígbóná fún un, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tó fi sùn. Aago kan ààbọ̀ òru ti kọjá nígbà náà.

Àǹtí sọ fún mi bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Èmi ni mo ní ká má pè yín. Ohun tí mo rò ni pé bó bá ti gbóhùn yín, á tún bú sẹ́kún. Mo ti rí i rí: ọmọ ń jẹ àkàrà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìyá pè, àkàrà já bọ́ sílẹ̀, ó di wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má gbóhùn ìyá ọ̀tọ̀, kí ìyá má gbọ́ ohun tó ṣe ọmọ ọ̀tọ̀. Mo lè pè yín láì gbé fóònù fún un. N ò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ nínú ọkọ̀. Mo jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ tó bá sunkún lóru, òbí rẹ̀ á gbọ́ kí aago méje àárọ̀ tó lù.

Ti omi tútù, òótọ́ ni. Ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ kan tí a so mọ́ igi máńgòrò ni agogo wa, aago márùn-ún ààbọ̀ la sì ń lù ú. Òtútù àárọ̀ oṣù kẹjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kì í ṣeré, mo gbà. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 8 àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá là ń se omi fún, ọmọ yín sì ti pé 10. Ó kígbe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi pé adìyẹ aládùúgbò fò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun ló ń wọ́n omi sí àwọn tó kù lára.

Ọjọ́rú nìkan la se ẹ̀wà. Àmọ́ bí ẹ bá ka àkàrà tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ́ ọn, ẹjọ́ yín tọ́, ó di mẹ́ta. Ohun tí kò sọ fún yín ni ti láfún. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó wo abọ́, ó ní, "Èyí kọ́ ni àmàlà, àmàlà dúdú ni." N ò dá a lẹ́bi, àmàlà èlùbọ́ iṣu lẹ mọ̀ n'Ìbàdàn, tiwa níbí funfun ni, ẹ̀gẹ́ ni. Ó jẹ ẹja, ó lá gbẹ̀gìrì, ó fi àmàlà sílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ padà wá pé kí wọ́n fi kún un. Bó bá rù, bọ́ọ̀lù ló fà á.

Òun náà ló fa dúdú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a máa ń ní kí wọ́n sùn (kò sẹ́ni tó ń sùn, wọ́n á kàn máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́), aago mẹ́rin wọ́n á jáde síta, ó di bọ́ọ̀lù, ó di ẹkùn mẹ́ran, títí oòrùn á fi wọ̀. Ọjọ́bọ̀ tún wà níbẹ̀, tí a fẹsẹ̀ mú wọn lọ wo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, èyí tó ti wà láti 1898. Lálẹ́, a dáná síta, a pa àlọ́, a kọrin. Kí kálukú tó gba oúnjẹ, á ka àkọ́sórí rẹ̀. Ẹ ní kó ka Sáàmù 119 ẹsẹ 11 fún yín, kó má wo ìwé.

Ti fóònù, n ò ní bẹ̀bẹ̀. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ sí, a sì dá a padà fún un lẹ́nu géètì.

A ti rí sálúbàtà náà. Ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí òrùlé ilé ìdáná; ẹ bi í léèrè bó ṣe débẹ̀. A ti fọ̀ ọ́. Dírẹ́bà kan tó ń ná Ìwó Road á gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ti san owó rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tó máa pè ránṣẹ́ sí wa níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.